Ta ni yóò san owó òògùn ńlá? Láti Pahou dé Ifẹ̀, títí dé Agblangandan

Ìtàn ọba àti ogun la sábà máa ń kọ síbí. Lónìí, ìtàn owó òògùn la fẹ́ sọ, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ dókítà nìkan ni. Bí ẹ bá dúró nílé òògùn ní Agblangandan níbí nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i: ẹni tí wọ́n kọ òògùn mẹ́rin fún á na ordonnance rẹ̀ sí ẹni tó ń tà, á béèrè pé èló ni gbogbo rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní, "Ẹ fún mi ní méjì tó ṣe kókó jù." Wọ́n á fi bírò sàmì sí méjì. Méjì tó kù di ìgbà tí owó bá dé. Nígbà mìíràn, owó náà kì í dé.

Báwo la ṣe dé ibẹ̀? Nígbà tí Dahomey gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún 1960, ohun tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé ni pé ìjọba ló ni ilé ìwòsàn, ìjọba ló ń san owó oṣù nọ́ọ̀sì, òògùn tó bá sì wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni tàbí owó táṣẹ́rẹ́. Ìjọba Kérékou tó dé ní oṣù Ọ̀wàrà 1972 tún di ọ̀rọ̀ náà mú pé ìlera jẹ́ ti gbogbo ará ìlú. Ọ̀rọ̀ rere ni, a kò bú u. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òògùn kò tó nǹkan, èyí tó bá sì dé kì í pẹ́ tán. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n á wò ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á kọ ìwé fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ á sì gba Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ lọ láti fi owó ara rẹ ra òògùn olórúkọ ńlá tó ti Faransé wá. Ọ̀fẹ́ tí kò sí nínú àpótí, ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Ibi tí ìtàn náà ti yí padà kò jìnnà sí wa. Pahou ni, lójú ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ sí Ouidah. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn kan dán nǹkan wò níbẹ̀ tí gbogbo Áfíríkà wá wò lẹ́yìn náà. Èrò wọn kò le: ẹ jẹ́ ká ra òògùn tó ṣe pàtàkì jù, èyí tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára, tí àwọn Faransé ń pè ní générique. Ẹ jẹ́ ká rà á lọ́pọ̀ kó lè dínwó. Ẹ jẹ́ ká fi èrè díẹ̀ lé e, ká tà á fún aláìsàn ní ibùdó ìlera fúnra rẹ̀, kí owó tó bá wọlé má sì lọ sí àpò ìjọba ní Kútọnu mọ́. Kó dúró sí ibùdó náà, kí ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn máa mójú tó o, kí wọ́n fi ra òògùn mìíràn, kí wọ́n fi tún ibùdó ṣe, kí wọ́n fi ra epo sí alùpùpù tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé.

Ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù Owéwe 1987, nígbà tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako, tí James Grant tó jẹ́ olórí UNICEF nígbà náà sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, irú ètò yìí ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ìpinnu Bamako. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Guinea wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tàn án ká ibi púpọ̀ nílùú wọn. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera nígbà náà, òun náà sì gbà á. Ẹ ò rí i pé nígbà tí wọ́n bá ní a kì í dá nǹkan sílẹ̀ níhìn-ín, ó yẹ kí a rán wọn létí Pahou.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìgbà tí ó bọ́ sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn báńkì wa ṣubú, owó oṣù olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde fún oṣù mélòó kan, ìwọ́de bo ìgboro, títí a fi dé àpérò gbogbogbò ti oṣù Èrèlé 1990 ní Kútọnu. Láàárín ìgbà tí ìjọba kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ibùdó ìlera tó ní àpótí owó tirẹ̀ ṣì ní òògùn ibà lórí pẹpẹ. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà yẹn kò mọ ohun tó fà á. A kàn mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ń béèrè owó kó tó ṣí àpótí.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀gún wà nínú ẹja. Ètò Pahou sọ ọ̀rọ̀ di kedere: ẹni tó bá ṣàìsàn ni yóò sanwó, lọ́jọ́ tó bá ṣàìsàn, lójú ẹsẹ̀. Fún ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀pọ̀ ilé lè wá owó náà. Aláìní paraku kò lè wá a, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe dá a mọ̀ kí a sì dárí owó jì í kò sì tíì tán títí dòní. Ohun kejì, tí ẹnikẹ́ni kò rò dáadáa nígbà náà, ni pé gbogbo ìṣirò náà dúró lórí òògùn olówó pọ́ọ́kú. Bí àìsàn bá lọ di jẹjẹrẹ, tàbí kíndìnrín tó dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí àtọ̀gbẹ tí a ó máa gún abẹ́rẹ́ sí lójoojúmọ́ ayé, àpótí ibùdó abúlé kò ní ohun tó fẹ́ ṣe sí i.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1994 dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Sẹ́ẹ́rẹ́, àwọn olórí ìjọba pàdé ní Dakar, wọ́n sì kéde pé 50 sẹ́fà tí a fi ń gba fàráǹkì Faransé kan ti di 100. Ẹni tó bá ti dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn. Òògùn tó ń ti ilẹ̀ Faransé bọ̀ wà lára ohun tí ó gba ìlù náà. Ohun kan péré tó gbà wá díẹ̀ ni àwọn òògùn générique tí ilé ìràwọlé òògùn tí wọ́n ń pè ní CAME ń pín fún àwọn ibùdó ìlera. Ẹni tí kò rí tibẹ̀ rà, ọjà ló gbà lọ.

Ọjà wo? Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Inú ọjà Dantokpa, níbi tí wọ́n ń pè ní Adjégounlè. Àwọn oníwèé ìròyìn a máa kọ ọ́ bí ẹni pé orúkọ Faransé ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni, orúkọ Yorùbá pọ́nńbélé, àwọn ìyá wa sì wà lára àwọn tó ń jókòó níbẹ̀. Òògùn láti Nàìjíríà, láti Íńdíà, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nínú agbọ̀n, lábẹ́ oòrùn. Ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà 2009 ni Jacques Chirac, ààrẹ Faransé àtijọ́, wá sí Kútọnu láti ké gbàjarè sí ayé lórí ayédèrú òògùn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Ìpè Kútọnu. Ní oṣù Èrèlé 2017, àwọn agbófinró wọ Ajégúnlẹ̀, wọ́n kó òògùn tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù lọ. A fọwọ́ sí i. Òògùn ayédèrú ń pani, a kò sì ní tìtorí ìyá ẹnikẹ́ni pa irọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà: ọjà yẹn ni asiráǹsì àwọn tí kò ní asiráǹsì. Wọ́n ń ta hóró kan fún ẹni tó ní owó hóró kan. Wọ́n ń ṣe àwìn fún oníbàárà wọn. Ilé òògùn tó mọ́ tónítóní kì í ṣe àwìn.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Ilé-Ifẹ̀ wàyí, nítorí níbẹ̀ ni ìtàn òògùn ńlá ti hàn kedere jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Oríṣi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé, kí ọdún 2001 tó dé, ẹni tó bá mú kì í sábà ju ọdún mélòó kan lọ. Ní oṣù Èbìbí 2001, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òògùn oníhóró kan tí wọ́n ń pè ní Glivec, ti ilé-iṣẹ́ Novartis. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè dàgbà, ó lè ṣiṣẹ́, ó lè tọ́mọ. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà ju dọ́là 2,000 lọ lóṣù kan. Lóṣù kan o, kì í ṣe lọ́dún. Ẹ fi wé owó oṣù olùkọ́ ní ìhà méjèèjì ẹnubodè.

Novartis dá ètò kan sílẹ̀ pẹ̀lú àjọ Max Foundation láti fi òògùn náà fún àwọn tí kò lè rà á ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ni ètò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí láti ọdún 2003, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Kano, láti Port Harcourt, láti Maiduguri, Ifẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń wá. Dókítà á kọ orúkọ aláìsàn ránṣẹ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò pé àìsàn yẹn gan-an ni àti pé kò lówó rẹ̀ lóòótọ́, òògùn á wá dé ní orúkọ ẹni náà. Ẹni náà á sì gbọdọ̀ máa padà wá fún àyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá ní owó ọkọ̀ láti Kano dé Ifẹ̀ lè pàdánù òògùn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ọkọ̀ kò sí nínú ètò náà.

A kò bínú sí ẹni tó fúnni lọ́rẹ. Síbẹ̀, ọrẹ kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹni tó fún ọ lónìí lè dáwọ́ dúró lọ́la, o kò sì ní ibi tí o máa pè é lẹ́jọ́. Ohun tó mú irú òògùn yìí sún mọ́ wa gan-an ni pé iye rẹ̀ wá sílẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Igbe 2013, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà kọ̀ láti fún Novartis ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí Glivec, àwọn ilé-iṣẹ́ Íńdíà sì ń bá a lọ láti ṣe générique rẹ̀. Ní 2015, àjọ ìlera àgbáyé fi í sínú àkójọ òògùn pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún òògùn SIDA: ohun tó ju dọ́là 10,000 lọ lọ́dún ní Yúróòpù, Cipla ti Íńdíà ní òun á tà á ní 350 fún àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ní oṣù Èrèlé 2001. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 2002, ètò òògùn SIDA ti Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí iye tó wálẹ̀, ìjọba wa kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

Ó kù ọ̀rọ̀ asiráǹsì fúnra rẹ̀. Yorùbá kì í ṣe àlejò sí i, a ti ń dá èsúsú àti àjọ kí òyìnbó tó dé. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ ìlera sílẹ̀ ní Borgou, mutuelle de santé ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CIDR. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó kékeré, ẹgbẹ́ á sì bá ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn san apá púpọ̀. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ bí a ti máa ń ṣírò rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì: ká ní ilé 200 ń dá 500 sẹ́fà lóṣù. 100,000 nìyẹn. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn nílò òògùn 300,000 lóṣù. Ẹnì kan ti jẹ owó ilé 600. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kékeré fi máa ń kọ òògùn ńlá sílẹ̀ nínú ìwé òfin wọn. Kì í ṣe ìkà. Àjọ tó kéré kò lè gbé erin. Àfi kí gbogbo orílẹ̀-èdè dá àjọ kan ṣoṣo.

Ìjọba gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀pẹ 2011, Ààrẹ Boni Yayi ṣí RAMU, asiráǹsì ìlera fún gbogbo ènìyàn. Ariwo pọ̀, káàdì jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ìjọba tó dé lẹ́yìn rẹ̀ pa á tì, ó sì gbé ARCH jáde. Ní 2019, ARCH bẹ̀rẹ̀ ìdánwò apá ìlera rẹ̀ ní agbègbè ìlera mẹ́ta: Abomey-Calavi pẹ̀lú Sô-Ava, Djougou pẹ̀lú Copargo àti Ouaké, àti Ìdáàṣà pẹ̀lú Glazoué, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Àwọn aláìní paraku ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ìjọba sì ń san owó wọn. Àwọn nǹkan mìíràn tún wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Igbe 2009, ìjọba sì ń san 100,000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ìtọ́jú ibà àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún àti ti aboyún di ọ̀fẹ́ ní 2011. Gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ kàn ṣàkíyèsí pé ibà àti ìbímọ ni. Àpò ìtọ́jú ìpìlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, òògùn ńlá ṣì wà lóde.

Ta ló wá ní asiráǹsì tó ń san òògùn gan-an? Kì í ṣe CNSS o. Ọ̀pọ̀ ń ṣi èyí mú. CNSS ń san owó ìfẹ̀yìntì, owó ọmọ, owó ìjàǹbá ibi iṣẹ́, owó ìsinmi ìbímọ, kò sí àìsàn lásán nínú rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, ìjọba ń gbé 80 nínú 100 owó ibùsùn àti ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n òògùn tí a fi ordonnance rà níta, àpò wa ló ń jáde. Asiráǹsì aládàáni ló ń san òògùn, àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn forúkọ wọn sílẹ̀ ló sì ní in.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, nítorí àwọn tó ní in pàápàá kì í mọ̀ ọ́n tán. Tiers payant ni wọ́n ń pè é: asiráǹsì fún ọ ní bon, dókítà kọ àìsàn àti òògùn sí i, ilé òògùn fún ọ ní òògùn, o san apá tìrẹ, 20 nínú 100 lọ́pọ̀ ìgbà, ilé òògùn á sì kó gbogbo bon jọ ní ìparí oṣù, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí asiráǹsì láti gba 80 tó kù. Fún òògùn kékeré, kò sí wàhálà. Fún òògùn ńlá, wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ gba entente préalable. Ìyẹn ni pé dókítà asiráǹsì, tí kò rí ọ rí, ni yóò ka ìwé rẹ, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí dókítà rẹ bá gbàgbé ìlà kan nínú ìwé, ó padà sílé. Bí asiráǹsì bá pẹ́ kó tó sanwó, ilé òògùn á lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé àwọn kò gba bon ilé-iṣẹ́ yìí mọ́. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan, ní ilé ìwé aládàáni, ní àtọ̀gbẹ. Ó ní káàdì lọ́wọ́, ó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì rìn láti ilé òògùn kan dé èkejì ní ọ̀sán ọjọ́ kan nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀, títí ó fi san gbogbo rẹ̀ lówó ọwọ́. Asiráǹsì dá owó náà padà fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò ti yáwó ńkọ́?

Ní Nàìjíríà lọ́hùn-ún, NHIS bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù 2005 lábẹ́ Ọbásanjọ́, òfin tuntun tó sọ ọ́ di dandan sì jáde ní oṣù Èbìbí 2022. Níbẹ̀, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ń san 10 nínú 100 owó òògùn, ó kéré sí tiwa. Ṣùgbọ́n òògùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ wọn, ẹni tí dókítà kékeré bá sì rán lọ sí ilé ìwòsàn ńlá gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà àṣẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Orúkọ yàtọ̀, entente préalable náà ni. Ní oṣù Ògún 2023, GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, náírà sì ti já wálẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Láti ìgbà náà, àwọn ará Agblangandan tó máa ń rán ẹni tó bá ń lọ sí Èkó pé kó bá wọn ra òògùn ikọ́ fée wálé, kì í rán an mọ́. Ẹlòmíràn ló ń rán wa báyìí.

Agblangandan wà lábẹ́ commune Sèmè-Podji, agbègbè ìlera wa jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú Àjàṣẹ́ àti Aguégués, ṣùgbọ́n Kútọnu ló sún mọ́ wa jù, nítorí náà CNHU ni ọ̀pọ̀ ń gbà lọ bí ọ̀rọ̀ bá le. Ohun tí a ń sọ fún àwọn òbí ọmọ ilé ìwé wa ni pé kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n ní kó kọ orúkọ òògùn gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní DCI, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan, kí wọ́n lè béèrè générique. Bí ẹ bá ní asiráǹsì, ẹ béèrè kí ẹ tó dé ilé òògùn bóyá òògùn yẹn ń fẹ́ entente préalable. Kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rísíìtì, àní ti 500 sẹ́fà.

A ń fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn àgbà Kétu àti Ìdáàṣà: èló ni ẹ ń san ní ibùdó ìlera yín nígbà tí ètò Bamako kọ́kọ́ dé, ta ni ìgbìmọ̀ yín fi àpótí owó sí lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí ìwé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ yẹn bá ṣì wà nílé ẹnì kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi di mọ́ínmọ́ín.